Ẹ̀jẹ̀ Sàká Kò Yege

Idigny, ọjọ́ kẹjọ oṣù keje, ọdún 2025

Mútíátù ọmọ mi,

Mo kí ọ kú àárò ilé, mo kí ọ kú iṣẹ́. Ìyá rẹ kí ọ. Àgbàdo tí à ń ká lọ́wọ́ náà kí ọ, nítorí ọwọ́ tó yẹ kó bá wa ká a wà ní Libreville. N kò bá ọ wí o. Kíkí ni mo ń kí ọ.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mo tún ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Mo ti sọ fún ọ tẹ́lẹ̀: ẹni tó fi irun funfun jókòó nílé ẹ̀kọ́ àgbà, tó kọ́ a, b, d títí ó fi mọ̀ ọ́n, kò ní jẹ́ kí fóònù gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu òun mọ́. Ghislaine tó ń dirun ní ìkòríta ni yóò fi fóònù rẹ̀ ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ. Tí ó bá pẹ́, òun ni kí o bá wí. Ó ti lọ sí Okpomèta lọ dirun ìyàwó.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí: bàbá rẹ fìdí rẹmi nínú ìdánwò.

Àwọn dókítà kan wá láti Cotonou sí ilé ìwòsàn wa. Wọ́n pe gbogbo ìlú jọ, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ìdánwò oògùn tuntun fún ẹ̀jẹ̀ ríru, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tàńsíọ̀n. Bí mo ṣe gbọ́ "ìdánwò" báyìí, ara mi yá gágá. O ṣáà mọ̀ pé èmi ni mo ṣe ipò kejì nígbà tí a parí ilé ẹ̀kọ́ àgbà, Marguerite tó sì ṣe ipò kìíní, olùkọ́ ni ọkọ rẹ̀. Mo gé irun, mo wọ aṣọ Iléyá, mo mú báírò méjì dání kí ọ̀kan má baà gbẹ mọ́ mi lọ́wọ́.

Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Madámù Agathe, nọ́ọ̀sì wọn, ló jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ó bi mí pé ọmọ ọdún mélòó ni mí. Mo ní ìwé mi sọ pé a bí mi ní nǹkan bí ọdún 1963. Ó ní, "Nǹkan bí, bàbá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, nǹkan bí. Ó ní kò burú, ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún tí kò sì tíì di arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni àwọn ń wá. Mo yege ìyẹn. Ó bi mí bóyá mo ń lo oògùn kankan. Mo ní rárá. Ó bi mí bóyá kíndìnrín ń yọ mí lẹ́nu. Mo ní rárá. Ó wá yíjú sí ìyá rẹ tó sìn mí lọ, ó bi í bóyá ó lóyún, ó ní ìlànà ni, gbogbo obìnrin ni àwọn ń bi. Ìyá rẹ ní kí ó bi èmi. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. N kò rẹ́rìn-ín, nítorí ẹni tó wà nínú ìdánwò kì í wo ẹ̀gbẹ́.

Lẹ́yìn náà ó wé aṣọ kan mọ́ mi lápá, ó ń fẹ́ ẹ, ó ń fún mi bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. Ó wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀jẹ̀ yín dára bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin. A kò lè gbà yín."

Ṣé o gbọ́? Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ mi dára, wọn kò lè gbà mí. Mo ní kí ó tún wọ̀n ọ́n. Ó tún wọ̀n ọ́n. Ó tún wá dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ta ni wọ́n wá gbà? Gaston! Gaston tó ti Adakplamè wá, tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà, Gaston tó máa ń bá adìyẹ jà. Wọ́n ní tàńsíọ̀n tirẹ̀ ga, ó ga dáadáa. Ní báyìí ó ń gbé apá òsì rẹ̀ rìn bí ẹni tó gbé ẹyin. Tí mo bá kí i lójú ọ̀nà, ó ní kí n rọra sọ̀rọ̀, pé òun wà nínú ìwádìí.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ kò le. Kọ lẹ́tà sí wọn. Tí wọ́n bá rí i pé ó ti òkèèrè wá, wọ́n á bẹ̀rù. Sọ fún wọn pé inú bíbí wà nínú ìdílé wa, pé bàbá bàbá rẹ, ẹnu ìjà ló kú sí. Má jẹ́ kí ó pẹ́.

Èmi bàbá rẹ tí wọ́n kọ̀,
Sàká


Libreville, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù keje

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín. Ẹ kú ìnira, ẹ kú ara ríro. Omijé ni mo fi ń kọ èyí.

Ojú ìwé méjì ni Ghislaine fi ránṣẹ́. Èkíní dúdú bí ìdí ìkòkò, n kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀ àfi "kíndìnrín". Èkejì bẹ̀rẹ̀ báyìí: "wọn kò lè gbà mí. Mo ní kí ó tún wọ̀n ọ́n." Bàbá, irú ilé ìwòsàn wo ló ń lé aláìsàn? Ẹ ní wọ́n gba Gaston. Èló ló fún wọn tí wọ́n fi gbé ibùsùn yín fún un? Ẹ tún ní kí n má jẹ́ kí ó pẹ́, ẹ sì ń dárúkọ ikú bàbá bàbá mi. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo fi orí lélẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo sunkún.

Mo pè yín lórí fóònù. Ìyá mi ló gbé e, wọ́n ní, "Bàbá rẹ ò jẹun, ó kọjú sí ògiri." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Kí ni kí n rò?

Àwọn ará Kétu tó wà níbí ti ṣàdúrà fún yín ní mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀. Àwọn Kristẹni inú wa náà ti gba ààwẹ̀. Cyriaque, ọmọ ìlú wa tí a jọ wà níbí, ń bọ̀ wálé, mo ti fi oògùn rán an sí yín. Ọkọ Philomène ọ̀rẹ́ mi ló ń lò ó, òun náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ó sì ti gbádùn. Ẹyọ kan láràárọ̀ ni kí ẹ máa lò.

Ẹ̀dùn ọkàn mi ni pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹ máa ń fi àìsàn pamọ́ títí yóò fi di ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Iṣẹ́ mi ń lọ dáadáa, ẹ má ronú mi. Ẹ ṣáà máa mí.

Ọmọ yín,
Mútíátù


Idigny, ọjọ́ ogún oṣù kẹjọ

Mútíátù,

Mo kí ọ. Ta ló sọ fún ọ pé mo ń kú lọ?

Cyriaque sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù akérò, zẹ́mì, níwájú ilé wa, ó rí mi tí mo ń bó àgbàdo, ó sì bú sẹ́kún. Ó di mọ́ mi. Ó ní òun kò rò pé òun máa bá mi. Àwọn aládùúgbò gbọ́ ẹkún, wọ́n sáré wá. Marguerite gbé gàrí wá fún ìyá rẹ gẹ́gẹ́ bí ìtùnú. Nígbà tó rí i pé èmi fúnra mi ló ń kí i káàbọ̀, ó ní òun ò lè gbé e padà sílé, a sì jọ jẹ ẹ́. Gàrí náà dára.

Fi etí sílẹ̀ dáadáa: ara mi le. Ìyẹn gan-an ni ìyọnu mi. Àwọn dókítà yẹn ń wá ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tèmi kò ru, wọ́n kọ̀ mí. Kò sí ibùsùn, kò sí rìbá. Ghislaine ló gbé fóònù sínú òjìji.

Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kì í ṣe ẹni tó ń fìdí rẹmi kó sì fọwọ́ lẹ́rán. Ọmọ ilé ìwé tó bá kùnà, ṣe ló ń padà lọ kàwé. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iyọ̀. Mo ń da kúbù ìsebẹ̀ sínú ẹ̀kọ, mo ń fi ẹja oníyọ̀ mu omi. Mo ní kí ìyá rẹ máa bú mi láràárọ̀ kí inú lè bí mi. Ó bú mi, ó bú mi dáadáa, kò fi nǹkan kan pamọ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ mi lára. Mo tún lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ oko Gaston, mo ń wo bó ṣe ń fi ẹ̀rín gbin ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Ìyẹn bí mi nínú díẹ̀.

Mo padà lọ bá Madámù Agathe. Ẹ̀rù ìdánwò ń bà mí, àyà mi ń lù kì kì kì. Ó wọ̀n ọ́n, ó fajú ro. Ó ní, "Bàbá, ó ti ga o! Kí lẹ ń ṣe?" Mo ní èmi ò ṣe nǹkan kan. Ó ní kí n padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, pé tí ó bá ṣì wà bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kí àwọn gbà mí.

Mútíátù, inú mi dùn! Mo sùn bí ọmọ ìkókó. Mo bá Gaston ṣeré. Mo kọrin lọ sóko. Nígbà tí ọjọ́ Ìṣẹ́gun pé, ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀. Ayọ̀ pé wọ́n fẹ́ gbà mí ni kò jẹ́ kí wọ́n gbà mí.

Oògùn rẹ dé. N kò lè lò ó, nítorí wọ́n ní ẹni tó bá ń lo oògùn mìíràn, àwọn kì í gbà á. Mo wá kó o fún Gaston. Ó ṣáà ní tàńsíọ̀n. Ó ní, "Sàká, ọ̀rẹ́ gidi ni ọ́. Ti Cotonou lówùúrọ̀, ti Libreville lálẹ́, àìsàn yìí á sá." Wo bí bàbá rẹ ṣe ní inú rere tó.

Sàká


Idigny, ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án

Mútíátù, èmi ìyá rẹ Fàsílátù ni. Ghislaine ló ń bá mi kọ ọ́, mo sì ti ní kí ó jáde síta oòrùn kó tó ya á.

Mo kí ọ. Ara mi le. Gaston ṣubú.

Ó dìde nídìí ebè láti na ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì dojú bolẹ̀ sínú ẹ̀gẹ́. Bàbá rẹ ló rí i láti òdìkejì ààlà. Ó gbé e pọ̀n bí ọmọ, ó ń sáré, ó ń pe zẹ́mì, ó ń sunkún. A dé ilé ìwòsàn, Madámù Agathe wọ̀n ọ́n, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin náà fi sáré pe dókítà. Ó bi í pé kí ló lò. Gaston ki ọwọ́ bọ àpò, ó fa oògùn rẹ yọ.

Ọlọ́run yọ ọ́. Ó ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ọ́ kúrò nínú ìwádìí náà, wọ́n ní ẹni tó ti da oògùn pọ̀ kò lè wà níbẹ̀ mọ́, àwọn kò ní lè mọ èyí tó ṣe é. Gaston ní bàbá rẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, pé ìlara ni. Wọn kò kí ara wọn mọ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù nìyí: bàbá rẹ kò fi iyọ̀ sílẹ̀. Mo gbé ìkòkò iyọ̀ pamọ́, ó lọ ra tirẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n. Tí orí bá ń fọ́ ọ, ó ní, "Alhamdulillahi, ó ti ń ṣiṣẹ́." Ọmọ mi, ta ló ń dúpẹ́ orí fífọ́?

Ìwọ náà, má tún fi oògùn ránṣẹ́ sí ẹni tí o kò rí. Bí o bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́, fi ara rẹ ránṣẹ́.

Ìyá rẹ


Libreville, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi, ìyá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo sì tún dojú bolẹ̀. Ẹ bá mi bẹ Gaston. Oògùn tó bá ara ọkọ Philomène mu, n kò mọ̀ pé ó lè gbé ẹlòmíràn ṣubú. Ìbẹ̀rù ló gbà mí lọ́kàn.

Bàbá, mo bi nọ́ọ̀sì kan ní àdúgbò wa níbí nípa irú ìwádìí yìí. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní gbogbo ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi èèyàn, ti ọjọ́ orí, ti kíndìnrín, ti oyún, ti oògùn mìíràn, nítorí kí ẹnikẹ́ni má baà fara gbá ni. Oògùn tí wọn kò tíì mọ ìdí rẹ̀, wọn kì í fún ẹni tí kò nílò rẹ̀. Kì í ṣe ìdánwò tí à ń yege, kò sí ipò kìíní níbẹ̀. Wọn kò kọ̀ yín, Bàbá. Wọ́n dá yín sí ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iyọ̀ yẹn sílẹ̀. Ẹ sọ fún mi, kí ni wọ́n ń fún Gaston níbẹ̀ tí ẹ fi fẹ́ fi ara yín wewu nítorí rẹ̀? Tí ó bá jẹ́ nǹkan tí mo lè rà, mo máa rà á. Iṣẹ́ ń lọ dáadáa.

Mútíátù


Libreville, ọjọ́ kejì oṣù kẹwàá

Bàbá mi,

Ẹ kò dá mi lóhùn. Ìyá mi ò gbé fóònù. Ghislaine ní òun ò ní lẹ́tà kankan lọ́wọ́, pé ẹ gba ìkòríta kọjá ẹ kò sì wo òun. Tí ẹ bá ń bínú, ẹ kọ ọ́. Ẹ bú mi pàápàá.

Mútíátù


Idigny, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá

Mútíátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọ kú ìdúró. N kò bínú sí ọ. Ojú ló ń tì mí, ojú títì kò sì jẹ́ kí báírò rìn.

Lẹ́yìn lẹ́tà rẹ ti oṣù kẹsàn-án, Madámù Agathe fúnra rẹ̀ wá sílé wa. Ó jókòó, ó mu omi. Ó ní àwọn dókítà ti ń wá àwọn àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ wọn dára wàyí, kí wọ́n lè fi wọ́n wé àwọn aláìsàn. Kò sí oògùn nínú rẹ̀, wíwọ̀n lásán ni. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ rántí. N kò rí ẹ̀jẹ̀ tó dára bíi tiyín ní gbogbo Idigny."

Mo wo ìyá rẹ. Ìyá rẹ wo ìkòkò iyọ̀.

Ó wé aṣọ mọ́ mi lápá níbẹ̀ gan-an. Ó wọ̀n ọ́n. Ó tú u, ó wé e mọ́ apá kejì. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ó ti ga ju ti Gaston lọ nígbà tí ti Gaston ga jù, pé kì í ṣe ayọ̀ tàbí ẹ̀rù ló fà á lọ́tẹ̀ yìí. Mo béèrè pé ṣé mo lè wọ ti àwọn aláìsàn nígbà náà. Ó ní rárá, bàbá, ó ti kọjá ibi tí àwọn lè fi dánwò. Àwọn tí ara wọn le kò gbà mí, àwọn tí ara wọn kò le náà kò gbà mí. Ṣe ló gbé mi sẹ́yìn zẹ́mì lọ bá dókítà, wọ́n sì fún mi ní oògùn tí gbogbo ayé ti mọ̀ tipẹ́. Mo ń lò ó. Ìyá rẹ ń se ọbẹ̀ tí kò ní iyọ̀, ó dà bí ọbẹ̀ tí wọ́n ń fún òkú. Ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Mo gbé iṣu lọ bá Gaston. Mo ní, "Gaston, mi ò fẹ́ pa ọ́." Ó ní òun mọ̀, pé ẹni tó bá fẹ́ pa èèyàn kì í pọ̀n ọ́n sáré bẹ́ẹ̀, pé àyà òun ṣì ń dun òun níbi tí egungun ẹ̀yìn mi ti gún un. A jọ jẹ iṣu náà. Òun fi iyọ̀ sí tirẹ̀ lójú mi. Mo fara dà á.

O bi mí pé kí ni wọ́n ń fún un. Ọmọ mi, wọn kò fún un ní nǹkan kan tí o lè rà. Wọ́n máa ń mú un jókòó lórí àga gbọọrọ, Madámù Agathe á sì kọjú sí i, á ní: "Ṣé ẹ sùn? Ṣé orí ń fọ́ yín? Kí lẹ jẹ lánàá? Kí ló ń jẹ yín lọ́kàn?" Á sì dúró kí Gaston rò kó tó dáhùn. Mo ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sóko, mo ń gbọ́. N kò rántí ìgbà tí ẹnikẹ́ni bi mí bẹ́ẹ̀ tó sì dúró gbọ́ èsì. Èèyàn ń kí mi ní "Ṣé dáadáa ni?", mo ní "Dáadáa ni", ó ti kọjá lọ.

Àwọn dókítà ti kó ẹrù wọn lọ. Wọ́n fi àga náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá mo lọ gba oògùn mi, mo bá Gaston níbẹ̀, mo bá Marguerite, tí wọ́n kọ̀ torí pé ó ti ń lo oògùn tipẹ́, mo bá àwọn mìíràn tí wọn kò gbà. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n. Gaston sún fún mi, ó ní, "Sàká, ṣé o sùn?" Mo rò ó dáadáa. Mo ní n kò sùn. Ó ní kí ló dé. A wà níbẹ̀ títí oòrùn fi dé orí wa.

Nígbà tí mo ń bọ̀ wálé ni mo wá rò ó pé nínú gbogbo ìwé tí mo kọ sí ọ, n kò bi ọ́ ní nǹkan kan. Mo ń ròyìn ẹ̀jẹ̀ mi nìkan. Mútíátù, ṣé ò ń sùn? Kí lo jẹ lánàá? Kí ló ń jẹ ọ́ lọ́kàn? Má dá mi lóhùn kíá. Rò ó ná.

Bàbá rẹ,
Sàká


Libreville, ọjọ́ kẹta oṣù kọkànlá

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyá mi. Mo ti rò ó.

N kò sùn. Láti oṣù kẹjọ ni ilé ìránṣọ ti tì, ọ̀gá wa kó lọ sí Port-Gentil láìsọ fún ẹnì kankan. Orí ẹní ni mo ń sùn ní yàrá ìgbàlejò Philomène, ọkọ rẹ̀ sì máa ń jí lóru láti wo tẹlifíṣọ̀n níbẹ̀. Mo jẹ búrẹ́dì lánàá. Mo kọ "iṣẹ́ ń lọ dáadáa" sí yín títí ó fi rọrùn láti kọ.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé n kò mọ bí mo ṣe lè fi ọwọ́ òfìfo wọ Idigny, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, kí ojú má tì yín láàárín ìlú. Ẹni tó bá ti ìdálẹ̀ bọ̀, a máa ń wo ẹrù rẹ̀ kí a tó wo ojú rẹ̀. N kò ní ẹrù.

Mútíátù


Idigny, ọjọ́ karùn-ún oṣù kọkànlá

Mútíátù,

Máa bọ̀. Ìyá rẹ ti ń gbá yàrá, ó ti lé àwọn adìyẹ jáde. Gaston ní òun ló máa lọ fi zẹ́mì gbé ọ ní ìdíkọ̀ Kétu, mo ní kò tíì sàn tó láti gun alùpùpù, a ṣì ń jà lé e lórí.

Ti ẹrù tí o sọ: ìwádìí àwọn dókítà ló ní ìlànà. Ilé yìí kò ní. Kò sí ohun tí a máa kọ́kọ́ wọ̀n kí a tó gbà ọ́.

Bàbá rẹ